Ìka Ló Ń Kọ́kọ́ Mọ Lẹ́tà: Ìrírí Mi Nínú Kíkọ́ Ọmọdé Ní Ìkọ̀wé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ lẹ́tà kan kọ, ẹ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ná, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ọmọ méjì lè kọ "a" tó jọra bí ìbejì. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó yí sí òsì, ó wálẹ̀, ó gòkè padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìgbé ọwọ́. Èkejì ya òbíríkítí, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wá fi igi kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lónìí, kò sẹ́ni tó máa rí ìyàtọ̀. Àmọ́ tó bá di pírámárì kẹta, tí tíṣà ń pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ní láti máa kọ ọ́ kíákíá, igi yẹn á ti sún jìnnà sí òbíríkítí, "a" á ti di "o" àti "l", ọmọ fúnra rẹ̀ ò sì ní lè ka ohun tó kọ.

Ohun tí mo dì mú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ọ̀nà tí ọwọ́ ń tọ̀ ni lẹ́tà. Iyanrìn, amọ̀, sáńpépà, omi àti okùn, irinṣẹ́ ni gbogbo wọn, kí apá, ìka, ojú, etí àti ẹnu lè jọ mọ ọ̀nà yẹn kí pẹ́ńsùlù tó dé. Ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi wa ni kò ní sùúrù fún un. Òbí ń fẹ́ rí ìwé tó kún, tíṣà á wá fi báírò to àmì tó-tó-tó sílẹ̀ kí ọmọ ọdún mẹ́ta máa tọ̀ ọ́. Ọmọ á so àwọn tó-tó náà pọ̀ láti ibi tó bá wù ú, nígbà míì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìwé á kún. Ọwọ́ ò kọ́ nǹkan kan, àfi ọ̀nà òdì tí a máa wá fi ọdún méjì tún ṣe.

Ọwọ́ tí kò tíì lágbára

Ọmọ ọdún mẹ́ta sábà máa ń di ohun ìkọ̀wé mú bí ẹni tó di ọmọ odó mú. Èjìká ló ń ṣiṣẹ́, ìka kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ẹ má bá a jà. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, iṣẹ́ yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká wá sí ìgúnpá, sí ọrùn ọwọ́, títí á fi dé orí àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Ohun tí àgbà lè ṣe ni kó fún ìka níṣẹ́ tó máa mú un le.

Iṣẹ́ yẹn pọ̀ nínú ilé wa ju inú ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré lọ. Ẹ̀pà bíbó wà, tí àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ní láti fún èèpo pọ̀ kó tó ṣí. Fífún aṣọ kékeré gbẹ wà, ọwọ́ méjèèjì á yí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ wà: ọmọ á fi ìka mẹ́ta ṣí i, á fi há etí páàlì, mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá bọ̀. Ẹ̀wà ṣíṣà dára púpọ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin máa ń ti ẹ̀wà bọ imú, ẹ̀wà sì máa ń wú tó bá ti rí omi níbẹ̀, ilé ìwòsàn lọ̀rọ̀ máa ń já sí. Ìdérí ìgò mínírà ni kí ẹ fún àwọn yẹn, kí wọ́n máa ṣà á sínú agolo.

Ìlà tí ọmọ lè wò kọ náà ní ètò tirẹ̀. Ìlà òòró ló máa ń ṣáájú, ìlà ìbú á tẹ̀ lé e, òbíríkítí á wá ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àgbélébùú ní nǹkan bí mẹ́rin. Onígun mẹ́rin ló tún kàn, onígun mẹ́ta ló sì ń kẹ́yìn, torí ìlà ìdágẹ̀rẹ́ ṣòro fún ọwọ́ kékeré. Bí ọmọ ò bá tíì lè wo àgbélébùú kó sì kọ ọ́, kò sí ohun tí "k" tàbí "y" ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọrin rẹ̀

Ábídí Yorùbá ní lẹ́tà 25. A máa ń fi kọrin láti "a" dé "y", ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò orin yẹn kò dára fún ìkọ̀wé rárá. Ẹ wò ó: "b" àti "d" ló tẹ̀ léra nínú tiwa, kò sí "c" láti là wọ́n. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé bí orin ṣe lọ ti gbé lẹ́tà méjì tí ọmọ máa ń ṣì fún ara wọn jù sí iwájú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìdílé-ìdílé ni mo máa ń pín wọn sí, bí ọwọ́ ṣe ń rìn. Ìdílé kìíní ni l, i, t, u, j: gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sísọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ìdílé kejì ni a, o, ọ, d, g: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún lókè, wọ́n sì yí sí òsì. E, ẹ, s, ṣ àti f jọ wọ́n díẹ̀ torí àwọn náà máa ń yí sí òsì, ṣùgbọ́n wọ́n le jù wọ́n lọ, nítorí náà wọ́n á tẹ̀ lé wọn. Ìdílé kẹta ni n, m, r, h, p, b: ọwọ́ á sọ̀ kalẹ̀, á tọ ojú ọ̀nà kan náà padà sókè, á wá tẹ̀ sí ọ̀tún. K, w, y ló kẹ́yìn nítorí ìdágẹ̀rẹ́ wọn. "Gb" á dúró títí "g" àti "b" á fi mọ́ra lọ́wọ́.

Pẹ̀lú ètò yìí, odindi ọ̀wọ́ e, ẹ, s, ṣ àti f ló wà láàárín "d" àti "b", ọwọ́ sì ti mọ "d" sí "a tó gun òkè" kí "b" tó dé. Ọmọ á ṣì máa kọ ọ́ lódì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di nǹkan bí ọdún méje, kò tó ohun à ń fi pariwo.

Àǹfààní kejì ni pé ọ̀rọ̀ gidi máa ń tètè jáde. Lẹ́yìn "t" àti "a", ọmọ ti lè kọ "ata". Kò ní àmì kankan lórí, kò ní kankan nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni "omi", "oko", "eku" máa ń wá bí lẹ́tà wọn bá ṣe ń pé. Èmi a máa fi àwọn ọ̀rọ̀ tó ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan ṣe ìpele kejì: "ọmọ", "ẹja", "ẹnu", "ọba". Ìpele kẹta ni àwọn tó ní àmì ohùn nìkan: "ilé", "ojú", "ajá", "bàtà". Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá ti rọrùn ni "ọkọ̀", "ẹsẹ̀" àti "ọ̀gẹ̀dẹ̀" tó kàn. Ìwé tó fi "ọ̀pọ̀lọ́" ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ torí àwòrán rẹ̀ wu ojú ti di ẹrù tó pọ̀ lé orí ọmọ náà.

Iyanrìn

Ohun tí ẹ nílò ni tíréè tàbí ìdérí páàlì tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà sí 20, tí etí rẹ̀ ga tó 3. Iyanrìn odò tó kúná ló dára jù: ẹ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, ẹ sá a gbẹ. Ẹ lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú mọ́ ìsàlẹ̀ tíréè kí ìlà lè yọ dáadáa. Ìjìnlẹ̀ iyanrìn ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tó bá ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ, etí ìlà á máa wó sínú, lẹ́tà á pòórá kí ọmọ tó kọ ọ́ tán. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, èékánná á máa họ ìdí tíréè, ọmọ ò sì ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà ló tó.

Àwọn kan ń lo gàárì tàbí iyọ̀. Gàárì máa ń fa èèrà àti eku, àgbàlagbà inú ilé ò sì ní yéé ráhùn pé à ń fi oúnjẹ ṣeré, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Iyọ̀ máa ń dì nígbà òjò, ó sì máa ń ta ọmọ tó bá ní ọgbẹ́ lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Àgbà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, wọ́n á jọ kọjú sí ibì kan náà. Ẹni tó bá jókòó sí iwájú ọmọ ń fi lẹ́tà tó dorí kodò hàn án ni. Àgbà á fi ìfábẹ̀lá kọ lẹ́tà náà tóbi, á máa fi ẹnu sọ ọ̀nà bí ọwọ́ ṣe ń lọ. Fún "a": "yí sósì, wálẹ̀, gòkè, sọ̀ kalẹ̀." Fún "b": "sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, padà dé ìdajì, yí sọ́tùn-ún, dé ilẹ̀." Ọmọ á kọ́kọ́ fi ìka tirẹ̀ tọ ojú ìlà àgbà, òun náà á máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mi tíréè kí ó pa rẹ́, kí ọmọ kọ tirẹ̀. Tó bá parí, kí ó pe ìró lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Tó bá ṣì í, ẹ mi tíréè, kò sí ìrésà, kò sí àmì pupa. Ọmọ tí ẹ̀rù ìwé ti ń bà máa ń gbádùn ìyẹn gan-an.

Bí ọmọ bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá iyanrìn kiri, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́wàá fún ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ kó o kúrò.

Èyí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ awo ti ń fi ìka tẹ ojú odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n Ifá, tí wọ́n ń pa á rẹ́, tí wọ́n ń tún un tẹ̀. Wàláà ilé kéú náà, kíkọ, fífọ̀ dànù àti títún kọ ni. Kí tíṣà fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ó kan ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ nípa apá ibi tí ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Sáńpépà

Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù ní 1907, ló jẹ́ kí lẹ́tà onísáńpépà di mímọ̀ káàkiri. Ṣíṣe é nílé ò le. Ẹ gé páàlì líle, 20 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 14 ní ìbú. Ti "gb" gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 22, kí "g" àti "b" lè sún mọ́ ara wọn lórí páàlì kan náà. Ọmọ tó bá kọ́ wọn lórí páàlì méjì á máa fi àlàfo sáàárín wọn nínú ìwé, "agbọ̀n" á wá di ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ fi àwọ̀ kan sàmì sí fáwẹ̀lì méje, kí kọ́ńsónáǹtì 18 ní àwọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yìn sáńpépà ní nọ́ńbà. 120 tàbí 150 ni kí ẹ rà; 60 máa ń bó ìka. Kí ara lẹ́tà kékeré bí "a" ga tó 6 sẹ̀ǹtímítà, kí ìlà rẹ̀ fẹ̀ tó 1, ìyẹn ìwọ̀n orí ìka ọmọ. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni yíya lẹ́tà sí ẹ̀yìn sáńpépà. Òdì ni ẹ gbọ́dọ̀ yà á sí ẹ̀yìn kó lè tọ́ tó bá dojú. "O", "i", "l" àti "w" ò ní fi àṣìṣe hàn torí apá wọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n "b" tí ẹ bá yà bó ṣe rí á di "d" tí ẹ bá yí i, ẹ ó ti fi sáńpépà ṣòfò. Àlùmọ́gàjí tó ti gbó ni kí ẹ fi gé e, nítorí sáńpépà máa ń kú ojú irin. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ló ń dì í mú. Ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì.

Bí owó sáńpépà bá pọ̀ jù, ẹ fi gọ́ọ̀mù yẹn kọ lẹ́tà sórí páàlì, ẹ da iyanrìn kíkúná lé e, ẹ gbọn èyí tó ṣẹ́ kù dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Iyanrìn rẹ̀ á máa re díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa tún un ṣe ni.

Kí ọmọ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ. Ìka tí òróró àkàrà wà lára rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì ń mú sáńpépà dán. Ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ló ń tọ lẹ́tà, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an á dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ni mo máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má sì jọra. Ìbéèrè á gba ìpele mẹ́ta. "Mmm nìyí." Lẹ́yìn náà: "Fi mmm hàn mí." Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ń tọ́ka láìṣiyèméjì nìkan ni ẹ tó lè bi í pé, "Kí nìyí?" Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa ń fo ìpele kejì, ọmọ á wá dákẹ́, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì bá ojú rẹ̀.

Ẹ tún lè dì í lójú kí ó fi ìka mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eré yìí ló máa ń fi hàn kíákíá ẹni tó ń fi ojú nìkan rántí lẹ́tà.

Amọ̀ àti ìyẹ̀fun

Amọ̀ odò tí a ti ṣa òkúta rẹ̀ kúrò dára. Bí kò bá sí, ẹ po ìyẹ̀fun: fúláwà ife méjì, iyọ̀ ife kan, òróró ṣíbí ìjẹun méjì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife kan, tí ẹ ó máa dà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi fúláwà kún un. Tó bá ń sán, omi ló kù. Nínú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu ló ń gbé. Nígbà òjò, iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń fa omi, á máa rọ̀. Fúláwà díẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ọmọ á fi ìka yí i bí okùn tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tó gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, á fi mọ lẹ́tà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún agbára ìka. Fún lẹ́tà gan-an, ó ní àbùkù kan: ọmọ lè mọ "d" láti ibi tó bá wù ú, kó sì rí bó ṣe yẹ kó rí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀. Tó bá mọ ọ́n tán, kí ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ibi tó yẹ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Okùn tàbí ìlà ṣọ́ọ̀kì tí a fà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tó gùn tó mítà kan àbọ̀, kò ní àbùkù yìí, nítorí ẹsẹ̀ ò lè wà níbi méjì. Ẹ fi ewé tútù sí ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, òkúta sí ibi tí a ti ń parí. Ọmọ á rìn ín. Lórí "n", "h" tàbí "b", ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn padà sókè lójú ọ̀nà tó gbà wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ fò ó máa ń gbé pẹ́ńsùlù sókè níbẹ̀ bákan náà.

Síléètì, omi, ṣọ́ọ̀kì

Síléètì ni afárá láàárín ìka àti pẹ́ńsùlù. Àgbà á fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà tóbi. Ọmọ á fi tìmùtìmù (fóòmù) kékeré tó tutù, tí a ti fún dáadáa, tọ ìlà náà, ṣọ́ọ̀kì á máa pa rẹ́ bó ṣe ń lọ. Á wá fi àkísà gbígbẹ tọ ojú ìlà omi. Ìgbà kẹta ló máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lójú ibi kan náà. Tìmùtìmù tí omi ń kán lára rẹ̀ á ba lẹ́tà jẹ́, ìlà á wú, ọmọ ò ní rí ọ̀nà mọ́.

Ṣọ́ọ̀kì odindi ò dára fún wọn. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí 2 tàbí 3 sẹ̀ǹtímítà. Kò ní sí àyè fún ìka mẹ́rin, ìka mẹ́ta nìkan ló máa rí ibi dì í mú. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti tún dídì pẹ́ńsùlù ṣe láìbá ọmọ wí nìyí. Bákan náà ni kíréyọ̀n: èyí tó ti ṣẹ́ ló wúlò jù. Ẹ gbé síléètì ró mọ́ ògiri nígbà míì, nítorí ọrùn ọwọ́ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe yẹ tí a bá ń kọ̀wé sójú ohun tó dúró lóòró. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà àti ike omi lára ògiri símẹ́ńtì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, oòrùn ló máa bá yín pa á rẹ́.

Àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn

Ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní sọ nǹkan kan fún yín níbí, ibẹ̀ sì ni ọmọ Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀ jù.

Lójú tèmi, lẹ́tà ló ni àmì ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ni àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi àmì sí abẹ́ "ẹ" ní kété tó bá kọ ọ́ tán, kó tó lọ sí lẹ́tà tó kàn, torí "e" àti "ẹ" jẹ́ lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àmì ohùn, ẹ̀yìn tó bá kọ odindi ọ̀rọ̀ tó sì ti fi ẹnu pè é ni kó tó fi sí i. Ọmọ tó ń dúró fi àmì ohùn sí orí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọ lọ máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ń kọ.

Nínú iyanrìn, àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ títẹ̀: orí ìka á lọ sísàlẹ̀ tààrà, á gòkè. Ẹnu á sọ pé "tẹ̀ ẹ́, gbé e." Bí ìka bá fà, "ẹ" á ní ìrù. Lórí páàlì sáńpépà, ẹ jẹ́ kí àlàfo kékeré wà láàárín lẹ́tà àti àmì kí ìka lè mọ̀ pé òun ní láti gbéra. Nínú ìwé, wàhálà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, ọmọ máa ń fi òbíríkítí kékeré ṣe àmì, torí pẹ́ńsùlù mímú ń fi àmì tíntìn-tín tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí ẹnu pẹ́ńsùlù kú díẹ̀. Ìkejì, àmì máa ń já sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí ìlà bá fi 1 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, kí àmì má ju nǹkan bí mìlímítà méjì sí ìdí lẹ́tà. Ìkẹta, "ọ́" àti "ẹ̀" nílò àyè lókè àti nísàlẹ̀, àmì ìlà kan á máa gun orí ìlà kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fo ìlà kan láàárín. Ìwé á tètè tán, mo mọ̀.

Fún àmì ohùn, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Ọwọ́ ní ìbàdí fún dò, ní àyà fún re, ní orí fún mí. Ẹ pe ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi imú kùn ún, kí ọwọ́ máa tẹ̀ lé e: bàtà, dò dò, bàbá, dò mí, ẹja, re re, ilé, re mí. Ẹni tó bá lè rí ìlù gángan ti bọ́ nínú ìṣòro. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni kí èyí gbà kí àmì tó dé rárá.

Tó bá wá di kíkọ, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni kí a máa fa méjèèjì: dò bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, mí bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè. Ohùn ń lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń fa àmì mí láti òkè wá sí òsì nísàlẹ̀ ń rí àmì kan náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ń gòkè, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ṣi méjèèjì fún ara wọn. Kí tíṣà tó ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì. Tó bá kọjú sí wọn, òsì rẹ̀ ni ọ̀tún wọn, dò tirẹ̀ á di mí lójú wọn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń da iṣẹ́ rú

Ọmọ tó ń lọ ilé kéú lọ́sàn-án lè máa bẹ̀rẹ̀ ìlà láti ọ̀tún nílé ìwé láàárọ̀. Kì í ṣe òpè. Ìwé Lárúbáwá ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọ̀dà kun etí òsì síléètì rẹ̀, kó máa fi ìka òsì kàn án kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa fífi òsì gba nǹkan; ìkọ̀wé ò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí apá òsì àga kí ìgúnpá rẹ̀ má máa gbá ti ẹnìkejì. Ẹ yí ìwé rẹ̀ kí igun òkè ọ̀tún rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, kó di pẹ́ńsùlù mú ní nǹkan bí 3 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu rẹ̀, kó lè rí ohun tó ń kọ. Bí ẹ ò bá yí ìwé, á ká ọrùn ọwọ́ yí ka orí ìlà, ọwọ́ á sì máa ro ó. Tó bá fa ìdábùú "t" láti ọ̀tún wá sí òsì, ẹ má bá a jà.

Bẹ́ǹṣì tó ga ju ọmọ lọ ń ba ìkọ̀wé jẹ́ ju pẹ́ńsùlù burúkú lọ. Ẹsẹ̀ tó ń fì nínú afẹ́fẹ́ á jẹ́ kó fi ọwọ́ kejì di tábìlì mú, ìwé á máa sá kiri. Páàlì tí ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ dáadáa lè di àpótí ìtìsẹ̀.

Nínú kíláàsì ọmọ 40, àgbà kan ò lè ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀wọ́ tó ń kọ́ lẹ́tà tuntun ni tíṣà ń bá jókòó. Lẹ́tà tí ọwọ́ ti mọ̀ ni àwọn yòókù ń ṣe lórí síléètì tàbí pẹ̀lú amọ̀, wọ́n á máa yí ipò padà. Lẹ́tà tuntun tí ọmọ dá kọ lódì nígbà mẹ́wàá ti le ju lẹ́tà tí kò tíì kọ rí lọ.

Tí pẹ́ńsùlù bá wá dé, ẹ gé HB tàbí 2B sí méjì kí ó kúrú. Ẹ má fún wọn ní báírò. Kì í dún lórí ìwé, ó máa ń yọ̀, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ títí ìwé á fi ya.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má fi ògì tàbí èkọ lẹ lẹ́tà sáńpépà láti dín owó kù. Aáyán á jẹ ẹ́ lóru. Inú ike tó ní ìdérí ni kí wọ́n máa wà, kí iyanrìn sì máa rí oòrùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò, torí iyanrìn tútù máa ń dì mọ́ ìka, ìlà rẹ̀ kì í sì í pa rẹ́ tí a bá mi tíréè.